Ọkọ̀ kékeré l'Ékòó: bí ẹ ṣe lè rà á, kí ẹ tún rí owó gidi gbà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí: “Mílíọ̀nù méjì ni mo ra Corolla mi lọ́dún 2020. Mo lò ó fún ọdún mẹ́rin, mo sì tà á ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọkọ̀ kékeré kì í jẹ́ kówó ṣòfò.” Ẹ bi onítọ̀hún ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èló ni wọ́n ń ta irú ọkọ̀ náà lónìí, bí tiẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó rà á? Tó bá dáhùn pé mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀, a jẹ́ pé mẹ́rin tó gbà ò lè dá ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un. Náírà ló já wálẹ̀, ọkọ̀ ò gòkè.

Dọ́là ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Dọ́là la fi ń ra tòkunbọ̀ lókè òkun, iye dọ́là náà sì ni àwọn aṣọ́bodè ń wò kí wọ́n tó ṣírò owó tí wọ́n máa gbà lórí ẹrù ní èbúté Àpápá àti Tin Can. Kí Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ìdajì, dọ́là kan ò ju ₦460 ó lé díẹ̀ lọ ní báǹkì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ló ti kọjá ₦1,500. Tòkunbọ̀ wọ́n, àlòkù tó ti wà nílùú náà sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òṣùwọ̀n kan ni mo máa lò látòkè délẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí: lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ọkọ̀ yín, irú ọkọ̀ wo lowó ọwọ́ yín lè rà?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò ohun tí ọdún máa jẹ nínú ọkọ̀ náà

Ẹ má wo iye tí wọ́n ń tà á láyé ìjọ́sí, náírà ti da ìyẹn rú. Ká ní Corolla 2010 lẹ fẹ́ rà, tí ẹ sì fẹ́ lò ó fún ọdún márùn-ún. Ẹ bèèrè iye 2010, kí ẹ tún bèèrè iye 2005 tí ara rẹ̀ dá bákan náà, lọ́jọ́ kan náà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ọdún márùn-ún máa jẹ, ní owó òní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ mẹ́ta tí ọkàn yín ń fà sí.

Ẹ ó rí nǹkan ìyanu. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye ọjà: ọkọ̀ kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà, èyí tó fi ọdún márùn-ún dàgbà jù ú sì jẹ́ mẹ́rin àbọ̀. Ọkọ̀ kejì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré. Èyí tó wọ́n yẹn jẹ mílíọ̀nù kan àbọ̀, èyí tó dà bíi pé ó pọ́ọ̀kù sì jẹ méjì. Ẹni tó bá lówó láti kọ́kọ́ san ló máa jàǹfààní rẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ló sì ń san jù, bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ẹ lè wo iye lórí Jiji tàbí Cars45, àmọ́ ẹ rántí pé iye tí olówó ọkọ̀ ń pè lẹ ń rí níbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ lọ sí Berger náà, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́. Berger tó wà lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, lápá Máìlì 2, ni mò ń wí o. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ojodu Berger máa rí èrò tó pọ̀, kò ní rí ọkọ̀ rà.

Ohun kan wà tó máa ń da ìṣirò yìí rú. Ará Èkó kì í ra ọdún, ṣéèpù ló ń rà. Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ṣéèpù kan náà ló ní láti 2003 dé 2008, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní 2009 títí dé 2013. Ọdún kan péré ló wà láàárín 2008 àti 2009, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó fẹ́ rà á, bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Torí náà, tí owó yín bá tó 2008, ẹ wá díẹ̀ kún un kí ẹ mú 2009. Tí kò bá sí, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí 2005. Èrè wo ló wà nínú kéèyàn san owó ọdún lórí ṣéèpù tí gbogbo ayé ti kà sí ti àtijọ́?

Ìgbésẹ̀ kejì: tòkunbọ̀ àbí àlòkù ilé?

Ọjọ́ tí ẹ bá de nọ́ńbà Èkó mọ́ tòkunbọ̀ ni owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ jù. Ó ti kúrò ní tòkunbọ̀ nìyẹn, ó ti di ọkọ̀ tí ọmọ Nàìjíríà ti lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò tíì gùn ún kọjá Afárá Third Mainland lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ pa mọ́, ẹ wá èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ti lò nílùú fún ọdún kan sí méjì, tí ìwé rẹ̀ pé, tí ẹ sì lè bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ lójúkojú. Òun ló ti gba ìṣubú àkọ́kọ́ yẹn fún yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó lọ́kọ̀ tó dáa kì í sábà tà á. Ẹ bi í léèrè ìdí tó fi ń tà á, kí ẹ sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. “Mò ń jápa” ni ìdáhùn tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù láyé ìsinsìnyí, tó bá jẹ́ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dé Ládipọ̀ kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀

Ládipọ̀ ní Muṣin ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Èkó ti ń ra páàtì. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta: iná iwájú, dígí ẹ̀gbẹ́, ṣọ́ọ̀kù iwájú, àti jíà lódindi. Ẹ má wo iye nìkan, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó gbé e jáde. Tó bá nawọ́ sẹ́yìn tó fà á yọ, ọkọ̀ yẹn máa tà. Tó bá ní kí ẹ jókòó, òun ń rán ọmọ lọ mú un wá, ó ṣì dáa. Tó bá wò yín lójú tó ní irú ọkọ̀ wo nìyẹn, ẹ yáa gbàgbé ẹ. Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la ní mẹkáníìkì tirẹ̀, mẹkáníìkì náà kò sì ní yin ọkọ̀ tí páàtì rẹ̀ máa ń lé e káàkiri ọjà.

Tí ẹ bá fi èyí wọn ọkọ̀ kékeré tó wà nílùú, Corolla ló máa ṣíwájú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Yaris àti Matrix tẹ̀ lé e. Honda Civic náà dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ti 2006 sí 2008 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8, ẹ wo omi rédíétọ̀ rẹ̀ dáadáa: irin ẹ́ńjìnnì àwọn kan nínú wọn máa ń là, omi á sì máa jò. Honda fúnra rẹ̀ fi ọdún kún ìdánilójú (wáráńtì) ẹ́ńjìnnì yẹn ní Amẹ́ríkà. Kia Picanto, Kia Rio àti Hyundai Accent kì í mu epo púpọ̀, páàtì wọn sì wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá wọn kò pọ̀ tó àwọn tó ń wá Toyota, ẹ máa dúró díẹ̀ kí ẹ tó rí wọn tà. Nissan tó bá ní jíà CVT, ìyẹn jíà tó ń yí ara rẹ̀ láìní ìpele, ẹ ṣọ́ra. Nissan náà fi ọdún kún ìdánilójú jíà yẹn ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kan, àwọn mẹkáníìkì wa sì ti mọ̀ ọ́n sí ọkọ̀ tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí orúkọ bá ti bàjẹ́ ní gáréèjì, owó ti bàjẹ́ lọ́jà. Golf àti Peugeot 206 tàbí 307 ní àwọn olólùfẹ́ tiwọn, àmọ́ ẹ ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kí ẹ tó wá ẹni tó máa rà á.

Ọ̀kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Pontiac Vibe. Ìbejì Toyota Matrix ni, ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ àmì iwájú rẹ̀ ń sọ owó rẹ̀ kalẹ̀, pàápàá látìgbà tí General Motors ti pa orúkọ Pontiac rẹ́ ní 2010. Tí ẹ bá fẹ́ gun ọkọ̀ yín títí tó fi máa sú yín, ẹ rà á, ẹ ó gbádùn. Tó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta lẹ fẹ́ fi lò ó kí ẹ tà á, iye tó fi pọ́ọ̀kù fún yín náà ló máa fi pọ́ọ̀kù fún ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ yín.

Epo náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí kò tó ₦200 ní lítà kan ti di ₦488 nílé epo NNPC l'Ékòó, kò sì dúró síbẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá fún V6, ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń mu epo, tí ẹ́ńjìnnì 1.3 sí 1.8 wá di ààyò. Ọkọ̀ kékeré yín rí àǹfààní níbẹ̀. Ní ti jíà, ọkọ̀ tó ń fi ọwọ́ yí jíà ṣòro tà nílùú tí go-slow ti máa ń mú èèyàn ní Ojúẹlẹ́gba fún wákàtí kan. Ọ̀dà dúdú, eérú àti funfun máa ń tètè tà. Ti pupa àti elésè àlùkò, ẹ dúró de ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ìwé owó ibodè ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà, ẹ to orúkọ tẹ̀lé ara wọn: ẹni tó kó o wọlé, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń tà á fún yín. Tí orúkọ kan bá fò láàárín, ẹ dá owó dúró. Tí ẹ bá ti rà á, ẹ lọ yí orúkọ padà lọ́gán ní MVAA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gun ọkọ̀ tó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, ọjọ́ títà ló máa ń yé wọn pé ẹni tó ń rà á máa fi ìyẹn já owó wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ara rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó má tíì sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ó ṣeé ṣe kó ní ohun tó ń pa mọ́ nípa bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dìde tó bá tutù.

Nọ́ńbà ṣásì tó wà lábẹ́ dígí iwájú, lápá awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, èyí ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Mo ti rí 2008 tí wọ́n ń pè ní 2010 ní gbangba, láìtijú. Ẹ fi nọ́ńbà kan náà wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí Carfax. Tí wọ́n bá kọ “salvage” síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ adójútòfò ti kà á sí ọkọ̀ tó ti parí kí wọ́n tó kó o wá bá wa.

Tí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá tó 17, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọjà Japan, tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà, torí náà wọ́n ní láti gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìdarí lọ sósì. Ẹ wo wáípà: wọn kì í sábà ráyè yí ìyẹn padà, apá ọ̀tún ló ṣì máa ń nù dáadáa, á sì fi igun kan sílẹ̀ níwájú yín. Owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró.

Ẹ mú òòfà kékeré bí irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, kí ẹ fi rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ibi tó bá ti ń já bọ́ lára irin rẹ̀, pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀. Fún omíyalé, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá àmì ẹrẹ̀ wà níbẹ̀; ẹ gbé táyà ìpamọ́ kúrò nínú búùtù; ẹ wo ipata lára irin tí ìjókòó ń yọ̀ lórí rẹ̀. Òórùn lọ́fínńdà tó bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ó ń bo òórùn mìíràn ni. Kì í ṣe omi Lẹ́kkí àti Ajah nìkan ló ń wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017, ọkọ̀ tómi bò pọ̀ lọ́jà Amẹ́ríkà, ibi tí òfin bá sì ti mú wọn níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa kó wọn sí.

Nọ́ńbà ìrìn tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má gbà á gbọ́ bí ìhìnrere. Ti Amẹ́ríkà, máìlì ni: 100,000 máìlì sún mọ́ 160,000 kìlómítà. Ohun tí wọn kì í rántí yí padà ni rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, awọ ìdarí, àti etí ìjókòó awakọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìjókòó ẹ̀yìn àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbó ju ti iwájú lọ, èrò ló ti ń gbé, Bolt tàbí Uber. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, àmọ́ iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ san owó fún réwáyà, mẹkáníìkì iná ọkọ̀, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń skáànù. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki í bọ̀. Ẹ ní kó wò ó bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù tó ń sọ ohun tó bàjẹ́ rẹ́ ni, torí ẹ̀rọ náà máa ń fi hàn. Kí ó jẹ́ réwáyà tiyín, kì í ṣe èyí tí alágbàtà mú wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe ń lò ó ni owó rẹ̀ ṣe ń dúró

Mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ thermostat dànù. “Ọ̀gá, ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò.” Ẹ má gbà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná débi tó yẹ, tó bá sì ti kúrò, epo tó ń mu á pọ̀ sí i. Omi ẹ̀rọ lásán náà ń dípẹtà nínú rédíétọ̀, ẹ lo coolant. Àwọn kan máa ń wá ra catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ní iná ẹ́ńjìnnì kò ní tàn. Ó máa tàn, kóòdù P0420 ló máa ń gbé jáde, ẹni tó bá wá pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́jọ́ títà sì máa rí i. Ọ́ìlì jíà ti CVT yàtọ̀, ti Honda yàtọ̀, ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n da ohunkóhun sí i.

Tí danfó bá ha yín lára ní Òṣòdì, ẹ kun ibi tó hà nìkan tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kùn látòkè délẹ̀ máa ń mú kí ẹni tó ń rà á bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń bò. Ọ̀dà àtilẹ̀wá tó ní àpá díẹ̀ ń pa owó ju ọ̀dà tuntun tó ń dán lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí òkun lápá Erékùṣù, ẹ máa fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ yín déédéé, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin. Tómi bá sì ká yín mọ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ kú, ẹ má tún sítáàtì rẹ̀. Omi tó bá ti wọ ẹ́ńjìnnì lè tẹ irin inú rẹ̀ wọ́. Ẹ wá ẹni tó máa wọ́ ọ jáde.

Ẹ ní fáìlì kan. Rìsíìtì ọ́ìlì, ti bíréèkì, ti táyà, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ìdí gan-an tó fi ń mówó wá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: títà

Oṣù Kọkànlá sí àárín Oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn, nígbà táwọn èèyàn ń múra àtirìnrìn-àjò ọdún. Nínú Oṣù Kìíní, owó ilé-ẹ̀kọ́ ti gba gbogbo àpò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún AC ṣe, ẹ pààrọ̀ gílóòbù tó kú, kí ẹ sì dúró níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá tún ṣe tán pátápátá ní ọ̀sẹ̀ títà kò ní dá owó rẹ̀ padà fún yín. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹni tó ń rà á náà mọ̀ ọ́n kà, torí náà ẹ má pe táyà ọdún méje ní tuntun.

Kí alágbàtà tó mú ẹnikẹ́ni wá, ẹ ti bá a pinnu ohun tó máa jẹ. Ẹ fi iye kan sọ́kàn tí ẹ ò ní kọjá nísàlẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ fún un. Ẹ pàdé ẹni tó ń rà á lọ́sàn-án, nínú ọgbà báǹkì bó bá ṣeé ṣe. Álẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ ṣí ápù báǹkì yín, kí ẹ rí i pé owó náà ti wà níbẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ rìsíìtì ẹ̀dà méjì. Orúkọ yín, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ṣásì, iye, ọjọ́, àti aago tí ọkọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ yín. Aago yẹn ṣe pàtàkì, torí pé tó bá gba one-way ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, orúkọ yín ni LASTMA ṣì máa rí.